Ẹni Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́: Àyẹ̀wò Ìdákẹ́ Ọmọdé nínú Ìwé Tom Brown's School Days

Ìfáárà

Ní oṣù kẹrin ọdún 1857 ni ilé-iṣẹ́ Macmillan tẹ ìwé ìtàn-àròsọ kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Tom Brown's School Days. Òǹkọ̀wé kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú ìwé náà. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ kò ju pé ẹni tí ó ti ṣe ọmọ ilé-ìwé náà rí ni òun. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé Thomas Hughes ni, agbẹjọ́rò kan tí ó kàwé ní Rugby láti ọdún 1834 títí di ọdún 1842. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó ní lọ́kàn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó fẹ́ la ọ̀nà ilé-ìwé yé ọmọ náà kí ó tó lọ.

Ìtàn inú ìwé náà kò lọ́jú. Tom Brown, ọmọ ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ kan ní àfonífojì tí à ń pè ní Vale of White Horse, fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lọ sí Rugby. Ó jìyà lọ́wọ́ àwọn tí ó jù ú lọ, ó ya ìpáǹle díẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ aláìlera kan tí ń jẹ́ George Arthur sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọmọ yìí ni ó sọ ọ́ di ènìyàn gidi. Nígbà tí ìwé fi máa parí, Tom ti ṣe olórí àwọn tí ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ó ti lọ sí Oxford, ó sì padà wá kúnlẹ̀ nínú ilé ìsìn tí wọ́n sin Thomas Arnold, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, sí.

Ohun tí a fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí ṣe ni láti tọpa ohun kan ṣoṣo nínú ìwé náà: ìdákẹ́ ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Èrò wa ni pé Hughes kọ ìwé rẹ̀ bí oríkì fún Rugby àti fún Arnold, ṣùgbọ́n àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ròyìn ń jẹ́rìí tako oríkì tí ó ń kì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìwé Tom Brown dojú òwe yìí délẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó dákẹ́ ni akọni. A ó wo bí òǹkọ̀wé ṣe gbé èyí kalẹ̀, a ó sì wo ohun tí ó ná àwọn ọmọdé.

Ilé-Ìwé Rugby nínú Ìtàn

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilé-ìwé tí Rugby jẹ́. Lawrence Sheriff ni ó dá a sílẹ̀. Oníṣòwò oúnjẹ ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà lára àwọn tí ń ta ọjà fún Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ní ọdún 1567 ó fi ìwé ìpíngún sílẹ̀ pé kí wọ́n fi lára ohun ìní òun dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin Rugby àti Brownsover tí ó wà nítòsí rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù di ilẹ̀ olówó ńlá, ilé-ìwé náà rí owó ná, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbé ibẹ̀. Báyìí ni ilé-ìwé ọmọ ìlú ṣe di ilé-ìwé bọ́dìn. Òfin tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1868 ka Rugby mọ́ ilé-ìwé méje, pẹ̀lú Eton, Harrow, Winchester, Westminster, Charterhouse àti Shrewsbury. Ní ọdún 1878, wọ́n dá ilé-ìwé mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú Rugby, wọ́n sì fi orúkọ Lawrence Sheriff pè é. Àwọn tí a torí wọn dá ilé sílẹ̀ wá di ẹni tí a kọ́ ilé mìíràn fún.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní ọdún 1797, àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ṣọ̀tẹ̀ sí Henry Ingles tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn. Wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n dáná sun àga àti ìwé, wọ́n sì sá lọ sí orí òkìtì kan tí omi yí ká nínú ọgbà. Àwọn sójà ni wọ́n ké sí kí wọ́n tó lè kó wọn. Ohun tí èyí kọ́ àwọn ọ̀gá ni pé bí àwọn ọmọ ńlá bá fi ohùn ṣọ̀kan, agbára olùkọ́ kò ká wọn.

Nígbà tí Arnold dé ní ọdún 1828, kò bá àwọn ọmọ ńlá wọ̀jà. Ó sọ wọ́n di ìjòyè. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà, tí í ṣe kíláàsì àwọn àgbà pátápátá, ni ó fi ṣe ojú àti ọwọ́ rẹ̀ láàrin àwọn yòókù. Wọ́n láṣẹ láti jẹ ọmọ kékeré níyà, wọ́n sì láṣẹ láti fi í ṣe ìránṣẹ́: kí ó gbálẹ̀ yàrá wọn, kí ó bá wọn dín búrẹ́dì, kí ó sáré bá wọn he bọ́ọ̀lù. Arnold kò dá àṣà yìí sílẹ̀. Ó bá a níbẹ̀ ni, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kíláàsì kẹfà nìkan ni ó tọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ àlùfáà ilé-ìwé mọ́ iṣẹ́ ọ̀gá àgbà, ó sì ń wàásù fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọgbọ́n ńlá ni ètò yìí, kò sì sí ìṣọ̀tẹ̀ bí ti ọdún 1797 lójú ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ètò náà kò dáhùn: bí ọmọ ńlá bá fìyà jẹ ọmọ kékeré, ta ni ọmọ kékeré yóò sọ fún?

Ẹni tí ó ń Sọ Ìtàn

Asọ̀tàn inú ìwé yìí kì í ṣe ẹni tí ó fara pamọ́. Ó ń dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ń kọjú sí òǹkàwé, ó ń gbà á ní ìyànjú, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó láàrin àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ tí Tom kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù Arnold. Àwa tí a ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 kò ní ṣàjèjì sí irú asọ̀tàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ráhùn pé ìwàásù ti pọ̀ jù nínú ìwé náà, Hughes dá wọn lóhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìtẹ̀jáde kẹfà pé nítorí àtiwàásù gan-an ni òun ṣe kọ ọ́. Kò yẹ kí a dá a lẹ́bi nítorí èyí. Iṣẹ́ ọnà tí ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kò burú lójú Yorùbá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé akéwì ọba ni asọ̀tàn yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ oríkì Yorùbá yóò mọ̀ pé oríkì kì í fi àbùkù pamọ́. Akígbe lè kì ọba kan ní òkú-rorò, kí ó ka orí àwọn tí ọba náà bẹ́, kí ojú ọba sì máa dán. Ohun tí ó burú kò di rere nínú oríkì, ṣùgbọ́n ó di iyì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Hughes ṣe. Kò fi ìyà inú Rugby pamọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ ìbora gbé ọmọ jù sókè títí yóò fi kan àjà. Ó sọ ti iná. Ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo rẹ̀ lóhùn ẹni tí ó la á já, tí ìlàjá náà sì di ohun àmúyangàn fún un. Ohùn ẹni tí kò là á já kò sí nínú ìwé náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Iná àti Ìdákẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Tom kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ kóra jọ láti kọrin. Brooke àgbà, tí ó jẹ́ olórí ilé náà, tí gbogbo wọn sì fẹ́ràn, dìde sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ dájú pé àwọn kan ń fìyà jẹ àwọn ọmọ kékeré. Ó ní ojo ni irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun kì í dá sí i, nítorí pé bí òun bá dá sí i, ìyà náà yóò wọ kọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kékeré yóò sì máa fi omijé wá rojọ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ fún wọn ni pé kí wọ́n fara dà á, kí wọ́n sì gbèjà ara wọn. Yóò sọ wọ́n di agbábọ́ọ̀lù gidi. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Asọ̀tàn náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Brooke ni ẹni rere jù lọ nínú gbogbo àwọn ọmọ ńlá inú ìwé náà. Òun ni Arnold gbé àṣẹ lé lọ́wọ́. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níhìn-ín, àgbà wà lọ́jà, ó rí orí ọmọ tí ó wọ́, ó sì fi wíwọ́ náà ṣe ẹ̀kọ́ fún ọmọ.

Nígbà tí Brooke lọ, àwọn tí ó kù ní kíláàsì kẹfà kò lágbára. Flashman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ kékeré ṣe ìránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ sí wọn. Tom àti East, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ní ẹni tí òfin sọ nìkan ni àwọn yóò sìn. Ìgbà tí wọ́n ta tẹ́tẹ́ eré-ìje ẹṣin, Tom fa ìwé ẹṣin tí gbogbo ènìyàn gbà pé yóò borí. Flashman fẹ́ rà á, Tom kọ̀. Flashman àti àwọn tirẹ̀ dì í mú, wọ́n sì nà án síwájú iná ààrò títí aṣọ fi jó mọ́ ọn lára, tí ó sì dákú. East sáré lọ pe obìnrin tí ń tọ́jú ilé. Nígbà tí Tom jí, wọ́n béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò dá orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìdákẹ́ yìí ni òkè ńlá inú apá kìíní ìwé náà. Asọ̀tàn gbé e ga ju gbogbo ohun tí Tom ṣe lórí pápá lọ. Lójú àwọn ọmọ ilé, Tom di ẹni iyì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ohun tí iyì náà rọ̀ mọ́: ọmọ kan fara jóná nínú ilé ọ̀gá àgbà, nítòsí yàrá ẹni tí ń wàásù òtítọ́ fún wọn ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀gá àgbà kò sì gbọ́ ẹni tí ó ṣe é. Squire Brown, bàbá Tom, ti rò ó lọ́kàn kí ọmọ rẹ̀ tó lọ pé òun kò bìkítà púpọ̀ fún èdè Gíríìkì tí yóò kọ́. Bí ó bá ṣáà lè di akọni, olóòótọ́ àti Kristẹni, ó tó. Ilé-ìwé sọ ọmọ náà di akọni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó kọ́ níbẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí a Torí Rẹ̀ Lé Flashman

Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì pẹ́, lè rò pé nítorí iná yẹn ni wọ́n ṣe lé Flashman kúrò ní ilé-ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iná, Tom àti East bá Flashman jà, wọ́n sì borí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Flashman mu ọtí yó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Brownsover, tí ọwọ́ olùkọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Arnold lé e lọ.

Ọ̀gbun kan wà láàrin àhunpọ̀ ìtàn níhìn-ín, a kò sì rò pé Hughes rí i. Ó nílò kí Flashman lọ, nítorí pé apá kejì ìwé kò lè bẹ̀rẹ̀ bí ó bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí Arnold lé e nítorí ìyà tí ó fi jẹ ọmọdé, nítorí pé bí Arnold bá gbọ́, a jẹ́ pé ẹnìkan sọ. Bí ẹnìkan bá sì sọ, òfin tí ìwé náà ti gbé ga, òfin pé ọmọ rere kì í rojọ́, ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà ni ó ṣe wá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn fún un. Ilé-ìwé yìí lè mọ ọmọ tí ó mutí, nítorí pé ojú olùkọ́ rí i lójú títì. Kò lè mọ ọmọ tí ó dáná sun ẹlòmíràn. Ohun tí Hughes fẹ́ fi hàn ni pé ìdájọ́ Arnold kì í pẹ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìdájọ́ Arnold kò mọ ibi tí ẹjọ́ gbé wà.

Ọ̀rọ̀ Arthur

Ẹnìkan lè sọ pé apá kejì ìwé náà ti dá wa lóhùn. Níbẹ̀ ni George Arthur, ọmọ kékeré tí kò lágbára, ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹnìkan ju sálúbàtà lù ú. Tom bọ́ sílẹ̀, ó ju bàtà rẹ̀ lu ẹni tí ó jù ú, ó sì gbèjà Arthur. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ti Tom pé òun ti pa àdúrà tì nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀gbẹ́, òun náà sì kúnlẹ̀ lówùúrọ̀. Ní òpin ìwé, olùkọ́ kan sọ fún Tom pé Arnold ni ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi Arthur tì í, kí ó lè ní ẹni tí yóò tọ́jú, kí ó má baà ṣègbé.

A gbà pé ibi tí ó dára jù nínú ìwé náà nìyí. Ìgboyà Arthur jinlẹ̀ ju ti Tom lọ, nítorí pé kò ní iṣan láti fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ètò náà dáadáa. Arnold mọ̀ pé ọmọ tí ó jẹ́ aláìlera kò lè wà láàyè ní Rugby láìní ọmọ ńlá tí yóò máa jà fún un. Kò yí ilé padà. Ó wá aláàbò fún ọmọ kan. Tom tọ́jú Arthur nítorí pé orí kò ó kan Tom. Àwọn ọmọ mìíràn tí kò ní Tom ńkọ́? Ìwé náà kò dárúkọ wọn.

Àwíjàre Òǹkọ̀wé

Ó tọ́ kí a gbèjà Hughes díẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Ó wà lára àwọn Kristẹni tí wọ́n gba ìjà àwọn òṣìṣẹ́ rò nígbà ayé wọn. Ó bá wọn dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, ó sì wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọdún 1865. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1867 láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wò, ó sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí a ń rẹ́ jẹ ní láti sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn aláṣẹ yóò ti gbọ́. Ìkọ̀sìn Tom àti East náà fara jọ ìdaṣẹ́sílẹ̀ òṣìṣẹ́. Ohun ìyanu ni pé ẹni tí ó gbà kí òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kò lè gbà kí ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀, lójú tiwa, ni pé Hughes fẹ́ràn Arnold jù. Bí ọmọ bá ní láti rojọ́ kí ilé tó tòrò, a jẹ́ pé ilé Arnold kò tòrò.

Ibi tí Ìwé náà Rìn Dé

Ìwé yìí kò dúró sí Rugby. Pierre de Coubertin, ará Faransé tí ó sọ ìdíje Olympic jí, kà á, ó lọ sí Rugby, ó sì gbà pé Arnold ni bàbá ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn àti ìwà ni ó jẹ Arnold fúnra rẹ̀ lógún ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní ọdún 1969, George MacDonald Fraser mú Flashman kúrò nínú ìwé Hughes, ó sì sọ ọ́ di olú ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n lé e ní Rugby, ó sì sọ ọ́ di sójà olóyè tí àwọn ènìyàn ń júbà fún ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Àwàdà ni Fraser ń ṣe, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí a ń sọ: ẹni tí kò jíyìn ìwà ìkà rẹ̀ ní ilé-ìwé kò ní ìdí láti fi í sílẹ̀ bí ó bá dàgbà. Nínú ìwé Hughes pàápàá, East lọ ṣe sójà ní Íńdíà.

Ètò ilé, olórí ilé àti ọmọ ńlá tí ó láṣẹ lórí ọmọ kékeré dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn ilé-ìwé tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀, bí King's College ní Èkó ní ọdún 1909 àti Government College ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, wo àwòkọ́ṣe irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọmọ púpọ̀ dáadáa, ìlú sì jẹ àǹfààní wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ilé-ìwé bọ́dìn ní ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé òfin àìrojọ́ náà bá ẹrù wọlé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ìfìbálòpọ̀-fìyàjẹ ọmọdé gbé ìròyìn jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022 lórí àwọn ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé inú wọn. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kan Rugby, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n wádìí yàtọ̀ sí èyí tí Hughes kọ. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé àwọn ilé-ìwé kan fi orúkọ ara wọn ṣáájú ààbò ọmọ, ó sì ṣòro fún ọmọ láti sọ̀rọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé Tom Brown's School Days jẹ́ oríkì tí ó jẹ́rìí tako ẹni tí a ń kì. Ẹ̀rí mẹ́ta ni a mú wá: ọ̀rọ̀ Brooke, ẹni rere tí ó rí ìyà tí kò dá sí i, ìdákẹ́ Tom níwájú ẹni tí ó béèrè ẹni tí ó sun ún, àti ọtí tí wọ́n torí rẹ̀ lé Flashman dípò iná. A kò sọ pé kí a má ka ìwé náà mọ́. Ó dùn, àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì ń mí bí ènìyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùkọ́ tí yóò bá fi í kọ́ ọmọ dúró díẹ̀ ní ibi tí Tom ti jí lẹ́yìn ìdákú, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ kíláàsì rẹ̀ pé ta ni ó yẹ kí ọmọ yìí sọ fún. Bí ìdáhùn kò bá sí nínú ìwé, kí olùkọ́ náà rí i dájú pé ìdáhùn wà nínú ilé-ìwé tirẹ̀.